Òpó Mẹ́rin, Etí Kan

Etí ni mo fi jẹun láyé mi. Àgbẹ̀ ń fi ọwọ́ jẹun, agbẹjọ́rò ń fi ẹnu jẹun. Èmi jókòó sínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ìlú Ẹdẹ, ní ọ̀nà Sekona, mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tí n kò rí rí, tí ọ̀rọ̀ wọn ń gba orí afẹ́fẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Irun orí mi funfun níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, yàrá yẹn náà ni màá tún lọ jókòó sí.

Àwọn ọmọ tó ń parí ilé-ìwé ládùúgbò wa máa ń wá bá mi pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?" Mi ò kì í tètè dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ tí mo ṣe ti yí padà débi pé bí mo bá dárúkọ irinṣẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, wọn á rò pé àlọ́ ni mo ń pa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò yí padà títí di òní, òun ni mo fẹ́ sọ. Kí n tó gbé bírò, mo lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, kó má baà jẹ́ pé ẹnu tèmi nìkan ni ẹ ó gbọ́.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Ẹnìkan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa sọ fún bàbá mi pé ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì ìjọba ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí òkè gíga kì í bà lẹ́rù. Mo gun òpó kan lójú wọn, mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Owó oṣù ibẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Iṣẹ́ ibùdó wa ni láti gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà káàkiri òkè ọya nígbà náà, àwọn tó ń gbẹ́ kànga, àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní abúlé tí tẹlifóònù kò dé. Ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n ń gbé kiri, ohùn rẹ̀ a sì ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa a gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́, a kọ ọ́ sílẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn ní Ìbàdàn.

Ẹ́ríà kan ṣoṣo, irin tó ń gba ohùn lójú afẹ́fẹ́, kò lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òpó mẹ́rin fi wà lórí pápá ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n tò gbọọrọ bí ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ sí kíláàsì. Ẹ́ríà kọ̀ọ̀kan wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan, wáyà dúdú nínípọn kan sì ti ara ẹ́ríà kọ̀ọ̀kan wọnú yàrá wa, níbi tí gbogbo wọn ti pàdé lẹ́nu ẹ̀rọ kan. Òpó mẹ́rin, etí kan.

Ọ̀gá wa ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọláṣùpọ̀ lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Wáyà ni gbogbo Ẹdẹ ń pè wọ́n. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í rẹ́rìn-ín sókè, ṣòkòtò wọn a sì máa mọ́ bí ti ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kódà lọ́jọ́ tí a bá gbẹ́lẹ̀. Àwọn ló sọ àwọn òpó náà lórúkọ: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, bí ọmọ ìyá kan tó tẹ̀léra wọn.

Wáyà òpó kọ̀ọ̀kan ní èyí tó lé lára rẹ̀, tí Ọ̀gá ká mọ́ èèkàn igi méjì lára ògiri yàrá. Èyí tí wọ́n ká fún Táíwò tín-ínrín. Ti Kẹ́hìndé sanra jù ú lọ díẹ̀, ti Ìdòwú ju ti Kẹ́hìndé, Àlàbá wá rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹni tó jẹ oúnjẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ìwọ̀n tí Kẹ́hìndé fi gùn ju Táíwò lọ náà ni Ìdòwú fi gùn ju Kẹ́hìndé, òun náà sì ni Àlàbá fi gùn ju Ìdòwú. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àjẹkù wáyà ni, tí ọ̀lẹ kan kò rójú gé kúrò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Koríko abẹ́ òpó ni mo ń ro. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa gòkè lọ nu àwọn tánńganran funfun tó gbé ẹ́ríà dúró, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń bò wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ní kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn wáyà. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn wáyà?

Èmi ni. Kùtùkùtù ni Ọ̀gá ń wọn tiwọn, kí oòrùn tó mú. "Oòrùn ń na wáyà," ni wọ́n máa ń wí. "Èyí tí o bá wọ̀n lọ́sàn-án, á pa irọ́ fún ọ láàárọ̀." Wọn kì í sì í fi ẹsẹ̀ tàbí apá wọ̀n ọ́n. Tépù onírin kan wà tí wọ́n ń fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun.

Kíká wáyà tún wá yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọ̀n ọ́n tán, mo ká a mọ́ ọwọ́ àti ìgúnpá mi kíákíá, bí gbogbo wa ṣe ń ká okùn nílé. Ọ̀gá dúró, wọ́n ń wò mí.

"Délé."

"Sà."

"Ewúrẹ́ ta lo fẹ́ so?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Ewúrẹ́ ni mo bèèrè."

Wọ́n ní kí n tú u, kí n nà án tán lórí pápá, kí n wá ká a mọ́ èèkàn bó ṣe yẹ, kó má ṣe lọ́, kó má ṣe kán. Mo ṣe é. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé. Wọn kò pariwo mọ́ mi. Ẹni tí wọ́n bá pariwo mọ́ lè bínú padà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bèèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ wí?

Múfú náà jẹ nínú rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí wa, ọmọ agboolé àtijọ́ kan ní Ẹdẹ, bàbá rẹ̀ ń ṣe oko, ó sì ń ṣòwò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Múfú dé, ó fi fìlà rẹ̀ kọ́ èèkàn Àlàbá. Ọ̀gá rí i. Nígbà tí Múfú máa lọ kírun ọ̀sán, kò rí fìlà mọ́. Ó wá a títí, àfi ìgbà tó gbójú sókè: fìlà wà ní ṣóńṣó òpó Àlàbá.

"Ẹni tó ni èèkàn ló gbà á," ni Ọ̀gá wí. "Lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo rán Múfú létí èyí lóṣù tó kọjá, nígbà tí mo lọ bá a nílé rẹ̀. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n kọ ọ́ pé fìlà tuntun ni, àti pé afẹ́fẹ́ wà lọ́jọ́ náà.

Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọn wáyà kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà Sekona ló là mí lójú. Èmi àti Ọ̀gá lọ gbé díísù fún jẹnẹrétọ̀, òjò ti rọ̀, ọkọ̀ wa sì rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà wá bá wa tì í. Èyí tì, ó sinmi, èyí ẹ̀yìn náà wá tì. Ọkọ̀ kàn ń mì lójú kan ni. Bàbá àgbẹ̀ kan tó jókòó ti iṣu rẹ̀ wò wá títí, ó ní, "Ṣé ẹ ń tì í ni, àbí ẹ ń kí i?" Ó dìde, ó ní kí a gbé ọwọ́ lé e, kí ẹnikẹ́ni má tì títí òun á fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó yá." Gbogbo wa tì í lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ jáde.

A wọ ọkọ̀, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi wọ́n.

"Ohùn tó ń ti òkè ọya bọ̀, Àlàbá ló ń kọ́kọ́ kàn, torí òun ló sún mọ́ ọ̀hún jù. Táíwò ló ń kàn gbẹ̀yìn. Bí wáyà wọn bá gùn bákan náà, Àlàbá á ti ti ọkọ̀ tirẹ̀ kí Táíwò tó gbé ọwọ́ lé e. Èmi wá sọ ọ̀nà Àlàbá di jíjìn. Mo ní kó lọ máa yípo lára ògiri, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bá a, kí gbogbo wọn dé ẹnu ẹ̀rọ pọ̀."

"Bí wọn ò bá dé pọ̀ ńkọ́, sà?"

"Ọ̀kan á máa tì, ọ̀kan á máa fà. Ṣebí ìwọ náà rí ọkọ̀."

Wọ́n tún ní, "Bí mo bá sì pààrọ̀ wáyà wọn, tí mo fún Táíwò ní ti Àlàbá, tí mo fún Kẹ́hìndé ní ti Ìdòwú, etí wọn á kọjú sí òdìkejì, òpó kankan kò sì ní kúrò níbi tó wà."

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mi ò ní kúrò nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ rò ó wò: kí a yí etí padà láìyí orí.

Ẹ̀rọ tí a ń lò nígbà náà, fáàfù ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìgò bíi gílóòbù. O ní láti tàn án kó yá kó tó gbọ́ nǹkan, ooru rẹ̀ sì máa ń mú kí yàrá gbóná bí ìdí ààrò. Lẹ́yìn náà ni ti tìránsísítọ̀ dé, tí kò gbóná, tí kò sì tóbi tó ìdajì rẹ̀. Ọ̀gá fi ọ̀wọ̀ gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ẹ̀rọ lè yí padà. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri."

Àwọn sójà wá gba ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, ẹ bi àwọn òbí yín. Wọ́n ní ká tò, a tò: fún mílíìkì, fún ọṣẹ, fún ìrẹsì. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè ti jẹ gbèsè, kí kálukú fún ìgbànú mọ́ra. Nǹkan tó ń ti òkè òkun bọ̀ dáwọ́ dúró, wáyà wa sì wà nínú wọn. A kọ̀wé pé kí wọ́n fi wáyà ránṣẹ́, èsì dé pé kí a máa lo èyí tó wà lọ́wọ́. Múfú ní ilé ìkẹ́rùsí òun ti ṣófo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tí òun ń ṣọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ibùdó pa. Ìròyìn dé wá pé ọ̀gá sójà kan, mejọ̀, ń lọ láti ibùdó dé ibùdó. Á gbé ẹ̀rọ létí, á gbọ́. Ibùdó tó bá ń gbọ́ á dúró. Èyí tí kò bá gbọ́, wọn á wú òpó rẹ̀, wọn á ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Ó ń bọ̀ ní Ẹdẹ ní Tọ́sìdeè.

Èmi àti Ìyábọ̀ ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa ni. Aṣọ ló ń rán níwájú ilé, ṣùgbọ́n ta ló ń rán aṣọ tuntun nígbà yẹn? Àtúnṣe ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá tún ju tèmi lọ. Kò pẹ́ mọ́ tí wọn á fi fẹ̀yìn tì, òpó mẹ́rin yẹn sì ni iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo agbára wọn ṣe láyé. Kí Ọ̀gá rí i kí àwọn sójà máa wú u bí ẹ̀gẹ́, n kò rò pé ara wọn á gbà á.

Ibi tí nǹkan bàjẹ́ sí nìyí. Àna Ọ̀gá kú ní ìlú Ara, wọ́n lọ sin òkú. Wọ́n rán èmi lọ sí Ìbàdàn. Ó ku Múfú àti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí, bó ṣe sọ ọ́ fún mi:

"Kọ ọ́ bó ṣe rí. Eku jẹ wáyà ẹ̀rọ kejì, èyí tí a tọ́jú de ìgbà tí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Mejọ̀ ń bọ̀, mi ò fẹ́ kó bá ẹ̀rọ tó dákẹ́ lórí tábìlì. Mo wo inú ilé ìkẹ́rùsí, alántakùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wá wo ògiri, mo rí Àlàbá. Mo ní, 'Ìwọ yìí, gbogbo Nàìjíríà ń rù, ìwọ nìkan lo ń sanra.' Mo gé lára rẹ̀, mo so ìyókù padà. Mo tún ẹ̀rọ kejì ṣe, inú mi sì dùn. Mo rò pé wọ́n máa yìn mí ni."

Ọ̀sán Túsìdeè lèmi dé láti Ìbàdàn, ilé ni mo sì gbà lọ tààrà. Ọ̀gá dé láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, pẹ̀lú aṣọ òkú lọ́rùn wọn, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ òkè ọya kí àwọn tó lọ sílé. Wọ́n gbé íàfóònù sétí. Ariwo ni wọ́n gbọ́, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Wọ́n yí ẹ̀rọ padà sí èkejì, òjò orí páànù náà ni. Wọ́n wá ń tẹ́tí sí òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Táíwò nìkan: ohùn kan wà lọ́hùn-ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kẹ́hìndé nìkan, bẹ́ẹ̀ náà. Ìdòwú, bẹ́ẹ̀ náà. Àlàbá, bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ohùn náà rì.

Ọ̀gá yọ íàfóònù. Wọ́n yíjú sí ògiri.

"Ta ló gé ọmọ mi?"

Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, sà."

"Báwo ló ṣe gùn tó, èyí tí o gé?"

"Mi ò wọ̀n ọ́n, sà."

"Mú un wá."

"Mo ti gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, sà. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ."

Ọ̀gá jókòó. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ wá irú wáyà náà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ẹdẹ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bí mo bá rí i, kí n ra tòun náà bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, Ọ̀gá àti Múfú ti tú gbogbo àpólà wáyà náà jáde, wọ́n kó wọn sórí tábìlì. Mo ní ṣé a kò lè jó wọn pọ̀ padà. Ọ̀gá ní rárá. "Oríkèé tó pọ̀ tó yìí? Ibi kọ̀ọ̀kan ni ohùn á ti máa jókòó sinmi."

Ìyábọ̀ gbé oúnjẹ wá bá mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá wa tí a jókòó tí a ń wo ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, ó yíjú sí wa.

"Ta ló kú?"

"Àlàbá," ni Múfú dá a lóhùn.

"Ẹ dákun, Múfú, ẹ má fi ikú ṣeré."

Ọ̀gá ló dá a lóhùn. "Ìyàwó, ṣebí aránṣọ ni yín. Mo rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Aláìmọ̀kan kan gé ẹsẹ̀ kan kúrú. Ọ̀la ni olówó rẹ̀ ń bọ̀."

"Ṣé ó ku aṣọ tí ẹ lè fi kún un, sà?"

"Kò kù ní gbogbo ìpínlẹ̀."

Ìyábọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa. "Oníbàárà mi kan wà tí ṣòkòtò rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, sà. Mo gé èkejì bá a dọ́gba. Ó wọ̀ ọ́ jó. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò nìyẹn, mi ò mọ ti wáyà."

Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní òun ní iṣẹ́ nílé. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀.

"Délé, ìwọ̀n wo ni mo ń ṣọ́ lára ògiri yìí? Ṣé gígùn wọn ni?"

Mo rò ó. Mo rántí ọ̀nà Sekona. Bàbá oníṣu kò bìkítà bóyá a tètè tì í tàbí a pẹ́ tì í. Kí a tì í pọ̀ ni.

"Rárá, sà. Ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ ni."

"Bí mo bá wá gé ìwọ̀n kan náà lára gbogbo wọn ńkọ́?"

"Ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ á ṣì wà bó ṣe wà."

"Ká sáà má gé e di péńpé," ni Múfú wí láti ilẹ̀. Kò tíì dìde.

"Dìde níbẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Lọ ṣí ilé ìkẹ́rùsí."

Ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo yẹn ló gbà wá. Simẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù, kò sì sí ẹrù kankan tó máa dí wa lọ́wọ́. A to àpólà wáyà síbẹ̀ lórí ìlà, ìdí sí orí, a wọ̀n ọ́n. A kó wáyà àwọn mẹ́ta yòókù síbẹ̀, a jẹ́ kí ara wọn tutù, a wọn ìwọ̀n kan náà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gá sì tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lẹ́yìn wa.

Ó wá ku gígé. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, Ọ̀gá kò gé nǹkan kan rí lára ògiri yẹn. Wọ́n mú púláyà. Wọ́n gé Ìdòwú. Wọ́n gé Kẹ́hìndé. Wọ́n na púláyà sí mi.

"Táíwò dọwọ́ rẹ."

"Ọ̀gá, ó tín-ínrín jù. Bí a bá gé e, kò ní dé ẹnu ẹ̀rọ mọ́."

"Bí Táíwò kò bá lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á lọ bá Táíwò."

Mo gé e. Kò kù fún Táíwò tí a lè ká mọ́ èèkàn. A gbé tábìlì, ẹ̀rọ, àga àti gbogbo rẹ̀, a tì wọ́n mọ́ ojú fèrèsé tí wáyà rẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ló lè dé. A so gbogbo wọn pọ̀. Oòrùn ti ń rọ̀.

Ọ̀gá gbé íàfóònù sétí, wọ́n dijú. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n kàn yọ ọ́ ni, wọ́n fi í sí Múfú létí. Ohun tí Múfú sọ fún mi lóṣù tó kọjá nìyí: "Obìnrin kan ni. Ó ń sọ pé yìnyín àwọn ti ń tán, kí wọ́n fi yìnyín ránṣẹ́ kí abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ má baà bàjẹ́. Ohùn rẹ̀ já gaara bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Mo ti ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí láti ọjọ́ yìí wá, Délé, ẹnikẹ́ni kò gbé íàfóònù sí mi létí rí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀." A kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀.

Mejọ̀ dé ní Tọ́sìdeè, ọ̀dọ́mọkùnrin, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó wo yàrá yípo.

"Kí ló dé tí tábìlì wà lójú fèrèsé?"

"Ibẹ̀ ni Táíwò lè dé, sà," ni Ọ̀gá wí.

"Ta ni Táíwò?"

Ọ̀gá nawọ́ sí òpó. Mejọ̀ wo òpó, ó wo Ọ̀gá, ó jókòó, ó sì gbé íàfóònù sétí. Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún, ó tún ń gbọ́. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti rọ̀, ọkàn wa sì ti balẹ̀. Ìgbà náà ló wá rí ògiri.

"Àwọn wáyà tí kò níṣẹ́ yìí ńkọ́? Ibùdó mélòó ló ń wá wáyà báyìí."

Ó fọwọ́ kan Àlàbá.

"Ẹ má gé e, sà."

Múfú ni, láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ga débi pé sójà tó wà níta yọjú. Mejọ̀ yíjú sí i, ó ní kí ló dé. Ni Múfú bá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti Àlàbá tó ń kọ́kọ́ gbọ́ àti Táíwò tó ń gbọ́ kẹ́yìn. Ó sọ ti ọkọ̀ inú ẹrẹ̀, tí òun kò sí níbẹ̀, bí ẹni pé òun ló tì í. Ó fi èjìká ti ara ògiri kí Mejọ̀ lè rí bí wọ́n ṣe ń ti nǹkan pọ̀. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rín ni wọ́n ń mú mọ́ra.

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?" ni Mejọ̀ bi í.

"Ìyà ni, sà."

Mejọ̀ rẹ́rìn-ín, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí a máa bá iṣẹ́ wa lọ. Òpó mẹ́rin náà dúró.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, tépù onírin yẹn ni wọ́n fún mi, nínú aṣọ rẹ̀. Mo jókòó sórí àga wọn. Mo bèèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí mo kọ́, kò sì sí ọ̀kan tó gbàgbé. Tìránsísítọ̀ náà di nǹkan àná, ẹ̀rọ ń kéré sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká dé ibi gbogbo, kò sẹ́ni tó nílò wa mọ́, wọ́n sì ti ibùdó náà pa ní ìrọ̀rùn, lẹ́yìn tí èmi náà ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Mi ò sunkún. Iṣẹ́ tó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ, ó ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ náà.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ràsí, ọmọbìnrin Múfú, ti kàwé jáde, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kí èmi àti bàbá òun wá wo ohun kan. Ọkàn wa kò gbé ọ̀kadà mọ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la wọ̀ lọ.

Ó gbé pátákó kékeré kan lé mi lọ́wọ́, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Àwọn bàbà pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tò sójú rẹ̀ lórí ìlà.

"Ẹ́ríà ni wọ́n, Bàbá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni òpó kan."

"Ẹ̀rọ ńkọ́?"

Ó yí i padà, ó fi ohun dúdú kan hàn mí láàárín, kò ju èékánná lọ. Ó ní gbogbo ohun tó ń gbọ́ fún gbogbo ẹ́ríà náà wà nínú ìyẹn, ó sì ń dá ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè pàdé. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti yí etí rẹ̀ sí ibòmíràn, pátákó kò sì mira. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sórí àwọn òpó tẹlifóònù tuntun, òun ni wọ́n fi ń ṣe rádà tó ń wo òjò lókèèrè, ó sì wà níwájú àwọn ọkọ̀ kan kí wọ́n má baà kọ lu ẹlòmíràn. Mo gbé gbogbo ibùdó wa sójú àtẹ́lẹwọ́ mi, pẹ̀lú pápá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, mi ò lè yàn án fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí ìdí rẹ̀ kò yí padà nígbà tí gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà, ẹ má tètè kúrò níbẹ̀.

Múfú ti gba pátákó náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi èékánná tọ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ti ara ẹ́ríà lọ síbi ohun dúdú yẹn.

"Ràsí, èyí lọ tààrà. Kí ló dé tí èyí ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò?"

"Torí pé ẹ́ríà tirẹ̀ ló sún mọ́ ohun dúdú náà jù ni, Bàbá. Mo jẹ́ kó yípo kó lè dé pẹ̀lú àwọn yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tilẹ̀ fẹ́ bá mi tọ́ ọ lánàá, ó ní mo ń fi àyè ṣòfò."

Múfú gbé pátákó náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sórí aṣọ. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Níbo ló wà?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Pè é wá fún mi. Mo fẹ́ bi í, ewúrẹ́ ta ló fẹ́ so."